Fífi Ọkàn Balẹ̀ De Ọjọ́ Ìkúnlẹ̀

Ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ nípa bí aláboyún ṣe lè kọ́ ara àti ọkàn rẹ̀ láti rọ̀ kí ìrọbí tó dé.

Ohun tí ẹ̀rù ń ṣe

Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, ara rẹ̀ á le, mímí rẹ̀ á sì máa já. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ẹni tí ń rọbí. Bí ara bá le, ìrora á pọ̀. Bí ìrora bá pọ̀, ẹ̀rù á tún wọlé. Dókítà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Grantly Dick-Read, ṣàlàyé èyí nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1933. Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí dídẹ ara, mímí jẹ́jẹ́ àti orin fún aláboyún tí ara rẹ̀ dá, tí ó sì ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ lórí ìrora.

Ọ̀nà kan tí ó jọ ọ́ ni èyí tí òyìnbó ń pè ní hypnosis: kí ènìyàn fi ọ̀rọ̀ tútù darí ọkàn ara rẹ̀ títí ara yóò fi rọ̀. Kì í ṣe idán. Ẹ óò máa gbọ́ ohun gbogbo, ẹ sì lè dá a dúró nígbàkígbà. Kì í mú gbogbo ìrora kúrò. Ó ń ranni lọ́wọ́ láti fara dà á.

Bí ẹ ó ṣe máa ṣe é nílé

Láti nǹkan bí oṣù keje, ẹ máa ṣe é lójoojúmọ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15.

1. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, ẹ fi ìrọ̀rí sí àárín orúnkún. Ẹ má fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Bí ariwo bá wà níta, ẹ má bínú. Yàrá ìrọbí náà kì í dákẹ́.

2. Ẹ fi imú mí sínú, ẹ kà dé 4. Ẹ fi ẹnu mí síta, ẹ kà dé 6. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ ti ń yára jù, ẹ rọra.

3. Ẹ mú ẹsẹ̀ le díẹ̀, kí ẹ sì tú u sílẹ̀ bí ẹ ti ń mí síta. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí itan, ọwọ́, èjìká, títí dé ojú.

4. Ẹ wí fún ara yín pé: "Ara mi ń rọ̀, ọ̀nà ọmọ mi ń ṣí." Ọ̀rọ̀ kan náà ni kí ẹ máa lò, kí ara lè mọ̀ ọ́n. Ọkọ tàbí ìyá yín lè máa bá yín sọ ọ́.

Ẹni tí ó bá ti ní àìsàn ọpọlọ rí, kí ó kọ́kọ́ sọ fún nọ́ọ̀sì.

Sí ẹ̀yin agbẹ̀bí

Ẹ kọ́ wọn ní ọjọ́ àyẹ̀wò, lẹ́yìn orin àti àtẹ́wọ́. Ní ọjọ́ ìrọbí, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ rán wọn létí. Ẹ má jágbe mọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ìyá fẹ́ dúró tì í. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi igbe díwọ̀n ìrọbí. Ìyá tí ó dákẹ́ lè ti fẹ́ bímọ, ó sì lè wà nínú ewu. Ẹ máa yẹ ìfúnpá rẹ̀ àti ìlù ọkàn ọmọ wò ní àkókò wọn.

Ẹ má fi ìfọ̀kànbalẹ̀ jókòó sílé

Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, bí omi bá dà, bí orí bá ń fọ́ yín gan-an tàbí ojú ń ṣú, bí gìrì bá mú yín, bí ibà bá dé, tàbí bí ọmọ kò bá yí mọ́. Kò sí mímí tí ó lè wo ìwọ̀nyí sàn. Ẹ mọ bí ọkọ̀ ṣe ń dí ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn àti ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Nítorí náà, ẹ ti bá ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì tọ́jú owó ọkọ̀ kí ọjọ́ tó pé.

Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.