Yíyan Ẹ̀rọ Orin Kékeré fún Iṣẹ́ Olùkọ́

Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀rọ orin kékeré tí ẹ̀kọ́ yìí dá lé lórí. Ó lè wọ inú àpò ẹ̀wù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rà á láìyẹ̀ ẹ́ wò yóò fi owó ṣòfò. Gbogbo wa ni a sì mọ̀ pé owó olùkọ́ kò tó èyí tí a ń fi ṣòfò. Nítorí náà ó yẹ kí á mọ ohun tí a ń fẹ́ kí á tó yà sí àwọn ìsọ̀ Alékúwọdò.

Ìdí tí olùkọ́ fi nílò rẹ̀ kò ṣòro láti rí. A kò lè fi ìwé nìkan kọ́ ọmọdé bí ìyá ìlù ti í sọ̀rọ̀. Dúró Ládiípọ̀ ti Òṣogbo, tí ó ti ṣe olùkọ́ ilé-ìwé rí, gbé eré Ọba Kò So jáde ní 1963. Ẹni tí ó bá ka eré náà láì gbọ́ ìlù àti orin rẹ̀, ìdajì rẹ̀ ni ó rí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ irú ẹ̀rọ tí í ṣe. Iná mànàmáná ni ó fi ń pa orin mọ́ sínú ègé kékeré kan. Kò ní tẹ́ẹ̀pù tí í lọ́, kò sì ní àwo tí í yí. Fujio Masuoka, ọmọ ilẹ̀ Japan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Toshiba, ni ó fi irú ìpamọ́ yìí han ayé ní 1984. Àwọn onímọ̀ Fraunhofer ní ilẹ̀ Jámánì sì ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí MP3, tí í dín ìwọ̀n orin kù nípa yíyọ ohùn tí etí kò lè tètè mọ̀ kúrò. Láti ilẹ̀ Kòríà ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti kọ́kọ́ dé ọjà ní 1998. Àyè inú rẹ̀ kò ju 32 MB lọ, èyí tí ó tó nǹkan bí orin mẹ́jọ. Apple mú iPod shuffle jáde ní 2005, ó sì dá ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 2017.

Bí ẹnìkan bá wí pé fóònù ń ṣe gbogbo èyí, òótọ́ ni ó sọ. Ẹni tí fóònù rẹ̀ dára kò ní dandan láti ra òmíràn. Ṣùgbọ́n fóònù a máa dún láàárín ẹ̀kọ́, bátìrì tí ó fi ń kọrin náà ni a fi ń pe ilé, a kò sì lè fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ olórí kíláàsì. Ẹni tí ó bá rí i pé ẹ̀rọ náà yẹ òun, kí ó wo nǹkan mẹ́fà wọ̀nyí.

Èkínní ni àyè. Orin MP3 tí ó wọ́pọ̀ a máa gba nǹkan bí 1 MB ní ìṣẹ́jú kan. Orin oníṣẹ́jú mẹ́rin yóò gba 4 MB, 1 GB yóò gba nǹkan bí orin 250, 8 GB yóò sì gba nǹkan bí 2,000. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: kí olùkọ́ má ṣe sanwó lórí àyè tí kò ní lò. Ẹ̀rọ kékeré púpọ̀ kò tilẹ̀ lè ka mẹ́mọ́rì tí ó bá ju 32 GB lọ.

Èkejì ni bátìrì. Òmíràn ní bátìrì tí a lè yọ, òmíràn sì ní èyí tí a ń fi wáyà ṣáàjì. Níbi tí iná kì í ti í sábà wà, èyí tí a lè yọ ni ó sàn jù.

Ẹ̀kẹta ni gbígba ohùn sílẹ̀, èyí tí mo kà sí pàtàkì jùlọ. Àwọn àgbà tí wọ́n mọ oríkì orílẹ̀ tinú tẹ̀yìn, ní Òṣogbo àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ń dín kù. Olùkọ́ tí ó bá gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn ní àkókò ìsinmi lè gba ohùn wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Láti dán ẹ̀rọ wò, sọ “sá” àti “ṣá” sí i. Bí ìyàtọ̀ wọn kò bá hàn nígbà tí o gbọ́ ọ padà, kò yẹ fún ẹ̀kọ́ èdè.

Ẹ̀kẹrin ni ojú ẹ̀rọ. iPod shuffle kò ní ojú tí í fi orúkọ orin hàn. Èyí kò burú fún ẹni tí ń rìn lọ́nà, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ogójì ọmọ ń wò gbọ́dọ̀ rí orin kan pàtó kíákíá.

Ẹ̀karùn-ún ni òtítọ́ ìwọ̀n. Mẹ́mọ́rì ayédèrú wà tí a kọ 32 GB sí lára, tí inú rẹ̀ kò sì tó bẹ́ẹ̀. Bá òǹtajà ṣe àdéhùn pé o lè dá a padà, kún un dé òpin nílé, kí o sì gbọ́ àwọn orin tí ó gbẹ̀yìn.

Ẹ̀kẹfà ni etí. Àjọ Ìlera Àgbáyé wí pé kí àgbàlagbà má ṣe gbọ́ ju desíbẹ́ẹ̀lì 80 lọ fún wákàtí 40 ní ọ̀sẹ̀, kí ọmọdé má sì ju 75 lọ. Fún kíláàsì, sípíkà kékeré sàn ju íápíìsì lọ.

Ìkìlọ̀ kan ṣẹ́kù. Iná tí ń pa ohùn mọ́ nínú ẹ̀rọ yìí a máa jò díẹ̀díẹ̀ bí a bá pa á tì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, ohùn àgbà tí a bá gbà, kí á ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì mìíràn. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ náà lè má sí mọ́ láti tún un sọ.

Ìbéèrè fún ìdánrawò:
1. Orin oníṣẹ́jú márùn-ún mélòó ni 2 GB lè gbà?
2. Èéṣe tí “sá” àti “ṣá” fi jẹ́ ìdánwò tí ó dára?
3. Ta ni ó mọ oríkì ilé rẹ jùlọ, nígbà wo ni ìwọ yóò sì lọ bá a?