Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́: Lílo Àtòjọ Àṣẹ nínú AutoCAD LT

Iṣẹ́: Yíyàwòrán pẹ̀lú kọ̀ǹpútà
Kíláàsì: SS 2, Ìpọ̀nrí, Sùúrùlérè

ÌTUMỌ̀

1. AutoCAD ni sọ́fútíwíà tí àwọn ayàwòrán ilé àti awọnlẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ Autodesk gbé e jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1982.
2. AutoCAD LT ni ẹ̀dà kékeré rẹ̀, tó jáde ní 1993. Owó rẹ̀ kéré sí ti ẹ̀dà kíkún. Àwòrán pẹlẹbẹ ni a ń fi í yà. A kò lè fi í mọ odindi ilé tó ní òòró, ìbú àti gíga.
3. Àtòjọ àṣẹ ni fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí a to àwọn àṣẹ AutoCAD sínú rẹ̀, tí sọ́fútíwíà ń kà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni pé ènìyàn ló ń tẹ̀ wọ́n. Orúkọ rẹ̀ máa ń parí sí .scr.
4. AutoLISP ni èdè tí a fi ń kọ àṣẹ tuntun tí kò sí nínú AutoCAD tẹ́lẹ̀. Ó wọ inú ẹ̀dà kíkún ní 1986.

ORÍṢI

1. Àtòjọ àṣẹ, .scr. LT ń gbà á.
2. Àṣẹ orí bọ́tìnì: a so àṣẹ mélòó kan mọ́ bọ́tìnì kan. LT ń gba èyí náà.
3. AutoLISP, .lsp. LT kò gbà á rárá títí di ẹ̀dà 2024, tó jáde ní 2023. Ọgbọ̀n ọdún ni ìlẹ̀kùn yìí fi wà ní títì.
4. ObjectARX, .NET àti VBA. Ẹ̀dà kíkún nìkan ló ń gbà wọ́n.

Ìyàtọ̀ tí olùdánwò máa ń béèrè wà láàárín ìkíní àti ìkẹta. Àtòjọ àṣẹ kì í ronú: kò lè ṣe ìṣirò, kò sì lè sọ pé “bí ó bá rí báyìí, ṣe tọ̀hún”. AutoLISP lè ṣe méjèèjì.

Láti mọ bóyá AutoLISP wà lórí kọ̀ǹpútà tí o jókòó sí, tẹ (+ 1 1) sí ojú ìlà àṣẹ, kí o sì tẹ Enter. Bí ó bá dá ọ lóhùn pé 2, AutoLISP wà níbẹ̀.

ÌLÒ

1. Yíya ààlà ilẹ̀. Pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 nìyí ní mítà:

PLINE
0,0
18.288,0
18.288,36.576
0,36.576
C

Tọ́jú u sínú Notepad pẹ̀lú .scr, tẹ SCRIPT nínú AutoCAD, kí o sì yan fáìlì náà. Ilẹ̀ yìí fẹ̀ tó mítà onígun 669. (648 tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu àwọn onílẹ̀ wá láti inú 18 sí 36, tí wọ́n ti gé ẹ̀ka nọ́ńbà kúrò.)

2. Títò bíkìn awọnlẹ̀. Níbí ni àtòjọ àṣẹ ti wúlò jù lọ ní Èkó. Bí ilẹ̀ bá ní ogójì bíkìn, kí a kó nọ́ńbà wọn sí Excel. Bí iye ìlà-oòrùn bá wà ní B2, tí ti àríwá wà ní C2, àṣẹ =B2&","&C2 yóò so wọ́n pọ̀. Da àbájáde rẹ̀ sí abẹ́ PLINE nínú Notepad. Iye ìlà-oòrùn ló ń ṣáájú. Èkó wà ní agbègbè 31 nínú ètò UTM; ní Ìpọ̀nrí, iye ìlà-oòrùn tó nǹkan bí 540000, ti àríwá sì tó nǹkan bí 717000. Nítorí pé méjèèjì jẹ́ nọ́ńbà mẹ́fà, ó rọrùn láti gbé ọ̀kan sí ipò èkejì, pulọ́ọ̀tì yóò sì yí ojú padà.

3. Ṣíṣe iṣẹ́ kan náà lórí ọ̀pọ̀ àwòrán.

ÌṢÒRO

1. Àlàfo. Àlàfo kan, tàbí ìlà òfìfo kan, dúró fún Enter. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ní ìparí fáìlì lè tún àṣẹ tó kọjá pè. Ojú kì í rí i. Ẹ wá a níbẹ̀ kí ẹ tó bú kọ̀ǹpútà.
2. Àpótí ìbéèrè. Àtòjọ àṣẹ kò lè tẹ bọ́tìnì inú àpótí. Fi àmì - síwájú àṣẹ, bíi -LAYER, kí ìbéèrè lè wá sí ojú ìlà àṣẹ.
3. Ìfàmọ́ra ojú àmì (object snap). Bí a ṣe ń rí AutoCAD látilẹ̀, nọ́ńbà tí a fi ọwọ́ tẹ̀ máa ń borí ìfàmọ́ra, ṣùgbọ́n tinú àtòjọ àṣẹ kì í borí rẹ̀. Igun pulọ́ọ̀tì lè lọ lẹ̀ mọ́ ìlà mìíràn tó wà nítòsí. Kọ OSMODE 0 sí òkè fáìlì.
4. Ààbò. Ní 2012, ilé-iṣẹ́ ESET kéde kòkòrò kọ̀ǹpútà kan, ACAD/Medre.A, tí a fi AutoLISP kọ. Ó tàn kálẹ̀ ní Peru, ó sì ń fi àwòrán àwọn ènìyàn ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì íméèlì ní Ṣáínà. Fáìlì acad.lsp tó bá wà nínú fódà kan náà pẹ̀lú àwòrán lè ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá ṣí àwòrán náà. Ẹni tó ń gbé fláàṣì kiri ilé ìtẹ̀wé gbọ́dọ̀ mọ èyí. SECURELOAD ni ètò tó ń dènà fáìlì tó bá ti ibi tí a kò fọwọ́ sí wá.

ÌDÁNWÒ RÁŃPẸ́

1. Kí ni àtòjọ àṣẹ?
2. Sọ ohun méjì tí AutoLISP lè ṣe tí àtòjọ àṣẹ kò lè ṣe.
3. Kọ àtòjọ àṣẹ tí yóò ya pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 ní mítà. Ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ mítà 0.3048.