Ẹ̀DÁ TÍ OJÚ KÒ RÍ ÀTI EWÉ TÍ A MỌ̀
Ẹ̀kọ́ láti yunifásítì fún àwọn ìyá àti gbogbo ìdílé

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Kò sí ìyá ilé kan ní Tápà, ní Igbó-Ọrà, ní Èrúwà tàbí ní ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Ìbàràpá tí kò mọ̀ pé oúnjẹ tí ń gbé ara ró lè di àìsàn sí ni lára, àti pé ewé tí ń woni sàn lè ṣe ni ní jàǹbá bí a bá ṣì í lò. Ní àwọn yunifásítì wa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lo ọdún mẹ́rin láti kọ́ nípa àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn mìíràn ń kọ́ nípa olú, àwọn mìíràn sì ń kọ́ nípa ewé àti egbò tí a fi ń ṣe oògùn. Ẹ̀kọ́ wọn kan ìkòkò ọbẹ̀ wa, àpò àgbàdo wa àti ara àwọn ọmọ wa. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ìyá ilé náà mọ díẹ̀ nínú rẹ̀.

Kì í ṣe ohun tuntun pé kí ẹ̀kọ́ yunifásítì wọ ilé wa. Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera rẹ̀ ní Igbó-Ọrà, tí àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà fi ń wá gbé láàárín ará ìlú, kí wọ́n lè mọ bí àìsàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé àti láti inú oko.

ÀWỌN ẸBÍ OLÚ

Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, olú a hù lórí ilẹ̀ àti lára igi jíjẹrà. Ṣùgbọ́n olú tí a ń fi se ọbẹ̀ kò dá wà. Ó ní ẹbí púpọ̀. Ìwúkàrà tí ń mú búrẹ́dì wú jẹ́ ọ̀kan nínú ẹbí náà. Ohun tí ń mú búrẹ́dì, àgbàdo àti èlùbọ́ bu, tí ó dà bí òwú funfun tàbí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé, jẹ́ ọ̀kan pẹ̀lú. Ohun tí ń fa làpálàpá sí orí ọmọ náà wà nínú ẹbí yìí. Òmíràn nínú wọn ń bọ́ni, òmíràn ń woni sàn, òmíràn sì ń pani.

Onímọ̀ kan ní Yunifásítì Ìbàdàn, B. A. Oso, kọ ìwé ìwádìí ní ọdún 1975 àti ní ọdún 1977 nípa olú láàárín àwa Yorùbá: èyí tí a ń jẹ, èyí tí a fi ń ṣe oògùn, àti ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ nípa wọn. Nípa báyìí, ìmọ̀ tí ó wà lẹ́nu àwọn àgbà wọ inú ìwé tí àwọn onímọ̀ káàkiri ayé lè kà.

Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún wa. Kò sí àmì kan ṣoṣo tí a fi lè mọ olú olóró. Pé ẹyẹ tàbí kòkòrò jẹ nínú rẹ̀ kò fi hàn pé ènìyàn lè jẹ ẹ́. Oró inú olú mìíràn kì í sì í kúrò bí a tilẹ̀ sè é fún ìgbà pípẹ́. Olú tí àgbà tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa kò bá tọ́ka sí, ẹ má ṣe fi se ọbẹ̀ fún ọmọ.

ÀWỌN TÍ Ń ṢE WÁ LÓORE

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀dá àìfojúrí ni ọ̀tá wa. Nígbà tí a bá rẹ àgbàdo fún ògì, àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí ni wọ́n ń mú un kan. Kíkan náà kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kòkòrò tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru rí ààyè gbé nínú rẹ̀. Ní ọdún 1981, S. A. Odunfa ti Yunifásítì Ìbàdàn gbé àbájáde ìwádìí rẹ̀ lórí irú jáde, ó sì fi àwọn ẹ̀dá tí ń sọ igbá di irú hàn. Àwọn ìyá wa ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ìran kí ẹnikẹ́ni tó fi awò tí ń mú ohun kékeré tóbi wo irú.

Láti ara àwọn ẹbí olú ni a ti rí oògùn ńlá pẹ̀lú. Ní ọdún 1928, ní ìlú London, Alexander Fleming ṣàkíyèsí pé níbi tí ohun kan ti bu nínú àwo àyẹ̀wò rẹ̀, àwọn kòkòrò àrùn tí ó wà nítòsí rẹ̀ ti kú. Ibẹ̀ ni oògùn penicillin ti wá. Griseofulvin, tí dókítà ń fún ọmọ tí làpálàpá bo orí rẹ̀, wá láti ara ìbátan ẹ̀dá yìí kan náà.

NÍGBÀ TÍ ÀGBÀDO BÁ BU

Ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù fún ìdílé àgbẹ̀. Àpò àgbàdo kan jẹ́ owó. Ó jẹ́ ẹ̀kọ òwúrọ̀ àti owó ilé-ìwé. Bí ó bá bu, ó máa ń ṣòro láti dà á nù. Àwọn mìíràn a fọ̀ ọ́, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sì sè é. Àwọn mìíràn a fi fún adìyẹ.

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí ìwádìí sọ. Ní ọdún 1960, ó lé ní 100,000 tòlótòló tí ó kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn onímọ̀ wá ìdí rẹ̀ títí, wọ́n sì rí i pé ẹ̀pà tí ó ti bu wà nínú oúnjẹ wọn. Ẹ̀dá tí ó mú ẹ̀pà náà bu ń tu oró kan tí wọ́n sọ ní aflatoxin. Oró yìí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Àgbàdo àti ẹ̀pà ni ó fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n ó lè wà nínú ẹ̀gúsí àti èlùbọ́ tí a kò sá gbẹ dáadáa. Iná ìdáná wa kò lè pa á run. Ẹ sè é, ẹ yan án, ẹ dín in: ọ̀pọ̀ nínú oró náà yóò ṣì wà níbẹ̀.

Ní ọdún 2004, ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, àwọn ìdílé jẹ àgbàdo tí wọ́n kó pamọ́ ní tútù. Ènìyàn 317 ni ó ṣàìsàn, 125 nínú wọn sì kú.

Ṣùgbọ́n oró yìí kì í sáà pani lójú ẹsẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bí ó bá ń wọlé díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, pàápàá fún ẹni tí ó bá ti ní àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí ọmọdé 480 ní abúlé 16 ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, àwọn aládùúgbò wa. Wọ́n rí àmì oró yìí nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ọmọ tí ó kúrú tàbí tí wọn kò wúwo tó bí ó ti yẹ fún ọjọ́ orí wọn ni oró náà pọ̀ jù lára wọn. Nítorí náà, bí ọmọ kò bá dàgbà bí ó ti yẹ, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ fún àyẹ̀wò, kí ẹ sì tún yẹ àpò àgbàdo wò.

Díẹ̀ nínú oró yìí lè gba inú omi ọyàn ìyá kọjá. Ẹ má ṣe torí èyí dá ọmú dúró! Omi ọyàn ni oúnjẹ tí ó dára jù lọ fún ọmọ ọwọ́. Oúnjẹ ìyá ni kí ẹ tún ṣe.

Àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà rí ọgbọ́n kan dá. Wọ́n wá irú ẹ̀dá yìí kan náà tí kì í tu oró, wọ́n sì ń fọ́n ọn sí oko kí ó lè gba ààyè mọ́ èyí tí ó ní oró lọ́wọ́. Aflasafe ni wọ́n pe oògùn oko náà, ìjọba sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún lílò ní Nàìjíríà ní ọdún 2014. Àgbẹ̀ lè béèrè nípa rẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀.

EWÉ ŃKỌ́?

Àwọn àgbà ní oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ kan ni ó kù. Yunifásítì fi ìbéèrè mẹ́ta kún òwe yìí: Ṣé àìsàn tí a rò pé ó ń ṣe ọmọ náà ni ó ń ṣe é lóòótọ́? Báwo ni ìwọ̀n oògùn náà ti pọ̀ tó? Ta ni ó ti rí i pé kò ṣe ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ní jàǹbá?

Báyìí ni wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò. Wọn a da oúnjẹ kòkòrò tí ó dì bí ẹ̀kọ tútù sínú àwo pẹlẹbẹ, wọn a sì fi kòkòrò àrùn kùn ún. Lẹ́yìn náà ni wọn a kán omi ewé sí i. Bí ojú ibi tí omi ewé náà wà bá mọ́, tí kòkòrò kò hù níbẹ̀, a mọ̀ pé ewé náà ní agbára.

Ní ọdún 1969, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ifẹ̀, tí Abayomi Sofowora wà lára wọn, gbé irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jáde lórí ẹfínrín tí a ń lò fún inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru. Òróró inú rẹ̀ ní agbára láti pa kòkòrò. Ní ọdún 1971, Sofowora àti ẹnìkejì rẹ̀ sọ ohun tí wọ́n rí nípa egbò orin àta. Agbára rẹ̀ lórí kòkòrò ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá, ni wọ́n bá ṣàkíyèsí ohun tí ó ń ṣe sí ẹ̀jẹ̀. Èyí ni ó mú wọn wádìí rẹ̀ nítorí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Asúnwọ̀n òyìnbó tí a ń fi pa làpálàpá náà ti fi agbára rẹ̀ hàn nínú àwo àyẹ̀wò.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: àwo kì í ṣe ọmọ. Ewé lè pa kòkòrò nínú àwo, kí ó má sì gba ọmọ là. Ọmọ tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru ń pàdánù omi àti iyọ̀ ara rẹ̀. Àìsí omi náà ni ó ń pa á. Ẹfínrín kò lè dá omi náà padà. ORS àti oògùn zinc láti ilé ìwòsàn, pẹ̀lú ọmú àti oúnjẹ, ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni làpálàpá orí: gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú irun níbi tí ewé tí a fi pa awọ orí kì í dé, oògùn mímu ni dókítà ń fún ọmọ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹni tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọdọ̀ torí orin àta fi ilé ìwòsàn sílẹ̀.

OHUN TÍ ÌDÍLÉ LÈ ṢE

1. Ẹ sá àgbàdo, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí àti èlùbọ́ sórí ẹní tàbí ọ̀rá mímọ́, kì í ṣe sórí ilẹ̀ lásán. Ẹ kó o wọlé bí òjò bá ṣú.

2. Ẹ dán àgbàdo wò kí ẹ tó dì í sápò. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ pẹ̀lú ṣíbí iyọ̀ gbígbẹ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì gbé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo náà kò tí ì gbẹ tó.

3. Ẹ gbé àpò sórí pákó, kí ó má fara kan ilẹ̀ tàbí ògiri.

4. Ẹ ṣa èyí tí ó bu, tí kòkòrò jẹ, tí ó fọ́ tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà kúrò. Bí ẹ bá ń fọ àgbàdo ògì, ẹ da èyí tí ó léfòó nù. Ẹ ri gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe fi fún adìyẹ tàbí ewúrẹ́. Bí àpò kan bá ti bu látòkèdélẹ̀, àdánù rẹ̀ kéré sí ti ẹ̀dọ̀ ọmọ.

5. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B ní ọjọ́ tí a bí i, kí ó sì gba àwọn yòókù ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14.

6. Bí ọmọ bá ti mu àgbo, ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì láìfi pamọ́: orúkọ ewé náà, ìwọ̀n rẹ̀ àti àkókò tí ó mu ún.

ỌMỌ TÍ Ó BÁ FẸ́ KỌ́ Ẹ̀KỌ́ YÌÍ

Ọmọ Tápà, ọkùnrin tàbí obìnrin, tí ó fẹ́ràn láti mọ ìdí tí irú fi ń ta sánsán tàbí ìdí tí iṣu fi ń jẹrà, lè kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ó ní láti yege dáadáa nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Biology, Chemistry àti Physics ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, kí ó sì ṣe ìdánwò JAMB. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó ti ìyá àgbà pẹ̀lú, kí ó kọ orúkọ ewé àti olú sílẹ̀ ní Yorùbá. Ohun tí ìyá àgbà mọ̀ ni ìbéèrè tí yóò gbé lọ sí yàrá àyẹ̀wò lọ́jọ́ iwájú.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìdí tí sísè kò fi lè sọ àgbàdo tí ó bu di oúnjẹ rere?
2. Báwo ni a ṣe lè fi iyọ̀ àti ìgò mọ àgbàdo tí ó gbẹ?
3. Bí ewé bá pa kòkòrò nínú àwo, kí ni ohun tí a kò tí ì mọ̀ nípa rẹ̀?
4. Kí ni ó yẹ kí ọmọ tí ń yàgbẹ́ gbuuru kọ́kọ́ rí gbà?