OBÌNRIN KRISTẸNI ÀTI IṢẸ́ OGUN



Ìbéèrè méjì ni àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ obìnrin àti iṣẹ́ ogun bá délẹ̀. Èkíní ni pé, ǹjẹ́ ó tọ́ kí obìnrin Kristẹni fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ di ọmọ ogun? Èkejì ni pé, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ìjọba fi òfin mú un wọ iṣẹ́ náà, bí ó fẹ́ bí ó kọ̀? Ẹni tí ó dáhùn ọ̀kan kò tíì dáhùn èkejì.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀ràn àwọn òyìnbó nìkan ni èyí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1851, nígbà tí ogun Dàhómì dé ẹ̀yìn odi Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin pọ̀ nínú àwọn tí ó gbé ìbọn wá bá àwọn Ẹ̀gbá jà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1861, Fadá Francesco Borghero lọ sí ààfin ọba Glele ní ìlú Abomey. Ọmọ ẹgbẹ́ S.M.A. ni fadá yìí, ẹgbẹ́ kan náà tí àwọn àlùfáà rẹ̀ wá fìdí kalẹ̀ sí Èkó ní 1868. Ó fi ojú ara rẹ̀ rí àwọn ọmọ ogun obìnrin náà bí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ lásán gun òkìtì ẹ̀gún, bí ẹni pé odi ọ̀tá ni, ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àwọn obìnrin wọ̀nyí kò ní ìgboyà. Ibi tí àbùkù wà ni ọ̀nà tí a gbà kó wọn jọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìránṣẹ́ ọba gbà lọ́wọ́ òbí wọn nígbà tí wọ́n wà ní ọmọdé. Àwọn mìíràn jẹ́ ẹrú tí a kó lójú ogun. Aya ọba ni a ka gbogbo wọn sí, nítorí náà wọn kò lè lọ́kọ, wọn kò sì lè bímọ. Ọba kò pè wọ́n sí iṣẹ́ ìlú. Ó sọ wọ́n di ohun ìní rẹ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ti ń wo ohun tí Ìjọ Mímọ́ fi kọ́ni. Ní 1965, Àpéjọ Vatican Kejì kọ́ wa pé ọmọ ogun tí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ ń ran àlàáfíà lọ́wọ́. Katikísìmù tí ó jáde ní 1992 sì sọ pé ìjọba lè fi ẹrù tí ààbò ìlú béèrè lé àwọn ọmọ ìlú lórí. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọmọ ìlú ni ó wí. Kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀, kò sì ya obìnrin sọ́tọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún ọmọbìnrin wa pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí obìnrin wọ aṣọ sójà, èrò ara rẹ̀ ni ó ń sọ, kì í ṣe ẹ̀kọ́ Ìjọ. Baraki kọ̀ láti lọ sójú ogun àfi bí Debora bá bá a lọ, Debora sì bá a lọ. Joan Mímọ́ ti ilẹ̀ Faransé wà níwájú àwọn ọmọ ogun tí ó gba Orléans sílẹ̀ ní 1429. Àsíá ni ó gbé, ó sì sọ fún àwọn adájọ́ rẹ̀ pé òun kò pa ẹnikẹ́ni rí. Wọ́n sun ún níná ní 1431, aṣọ ọkùnrin tí ó wọ̀ sì wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án. Ìjọ fagi lé ìdájọ́ náà ní 1456, Póòpù Benedict Kẹẹ̀ẹ́dógún sì kà á mọ́ àwọn Ẹni Mímọ́ ní 1920.

Ìbéèrè kejì ni ó le. Àwọn Àgùdà kan sọ pé, bí iyì obìnrin bá dọ́gba pẹ̀lú ti ọkùnrin, kí ẹrù wọn dọ́gba pẹ̀lú. Àwọn mìíràn dáhùn pé ẹni tí Ọlọ́run fi ìyè sí ní ìkáwọ́ ní ọ̀nà tí ó ga bẹ́ẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi ipá lé e lọ síbi ìpànìyàn. Ìjọ kò tíì fi ẹnu kò sí ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí Póòpù John Paul Kejì kọ nípa ìdílé ní 1981, ó fi yé wa pé obìnrin ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ ìlú bí ọkùnrin, àti pé, síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ to ìlú lọ́nà tí yóò fi di dandan fún aya àti ìyá láti fi ilé sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀ nípa iṣẹ́ ọ́fíìsì, mélòó-mélòó ni ti ojú ogun!

Lójú tiwa, òfin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní oṣù Kejìlá ọdún 1941 sún mọ́ ohun tí ó yẹ ju ti Glele lọ fíìfíì. Ó pe àwọn obìnrin tí kò lọ́kọ, láti ẹni 20 ọdún dé 30. Wọ́n lè yan ẹgbẹ́ ọmọ ogun obìnrin, tàbí iṣẹ́ ààbò ìlú, tàbí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Kò sì sí ẹni tí ó lè fi ohun ìjà aṣekúpani lé wọn lọ́wọ́ àfi bí obìnrin náà bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbà. Lónìí, òfin Ísírẹ́lì, ti Norway àti ti Denmark ń pe obìnrin. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ fọwọ́ sí i ní 1981 pé a lè kọ orúkọ ọkùnrin nìkan sílẹ̀. (Kí àwọn tí ó ní ọmọkùnrin níbẹ̀ rántí pé òfin náà mú wọn láti ọmọ ọdún 18.) Níbikíbi tí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá wà, Àpéjọ náà àti Katikísìmù béèrè pé kí a fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó gbé ohun ìjà, kí òun náà sì sin ìlú ní ọ̀nà mìíràn.

Ní ilẹ̀ wa, kò sí òfin tí ń fi ipá múni wọṣẹ́ ogun. Iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, tí ó ń pe tọkùnrin tobìnrin láti 1973, kì í ṣe iṣẹ́ ogun. Ìbéèrè èkíní ni ó ń kan ilẹ̀kùn wa. Aderonke Kale, oníṣègùn àrùn ọpọlọ, di Ọ̀gágun ní 1994. Láti 2011 ni ilé ẹ̀kọ́ ológun ní Kaduna sì ti ń gba àwọn ọmọbìnrin. Bí ọmọ yín obìnrin bá mú ọ̀rọ̀ náà wá sílé, ẹ má kọ́kọ́ bi í léèrè ẹni tí yóò fẹ́ ẹ. Ẹ bi í bí yóò bá lè kọ̀ nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ bá pàṣẹ pé kí ó yìnbọn sí aláìṣẹ̀, nítorí Àpéjọ kan náà kọ́ wa pé ìgbọràn kò lè wẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìbéèrè kan náà ni ẹ ní láti bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, kí àwọn méjèèjì sì wá rí fadá kí wọ́n tó gba fọ́ọ̀mù.