Ṣé Àánú Kù fún Irú Èmi?

Ibi kíkà: Lúùkù 18:9-14, Dáníẹ́lì 9:18, Òwe 28:13



Nígbà ìsinmi tó kọjá, nílé wa ní Okumagba Layout, ní Warri, màmá mi ní kí n fi àdúrà parí ìsìn òwúrọ̀. Ẹnu mi wúwo. Wọn ò mọ̀ pé mo ti mú nínú owó iléèwé tí bàbá mi fún mi, mo fi ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, gbogbo rẹ̀ sì wọgbó. Ó ti lé lóṣù kan tí n ò ti dá gbàdúrà. Mo ń sọ fún ara mi pé, "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá owó yìí padà, kí n tó lè dúró níwájú Ọlọ́run." Mo gba àdúrà orí ahọ́n lásán, wọ́n ṣe àmín. Mo wọ yàrá, mo ṣí Lúùkù orí 18. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò.

1. Àánú kì í ṣe owó oṣù

Òṣìṣẹ́ kì í bẹ̀bẹ̀ kó tó gba owó oṣù rẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ ló ń tọrọ àánú. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ kọ́kọ́ yẹ kí òun tó bẹ̀bẹ̀ ti fẹ́ sọ àánú di owó oṣù nìyẹn. Farisí ka ààwẹ̀ àti ìdámẹ́wàá rẹ̀ sílẹ̀. Kò tọrọ nǹkan kan. Agbowó òde dúró lókèèrè, ó ń lu ara rẹ̀ láyà, ṣùgbọ́n ó bẹ̀bẹ̀. Ẹ kíyè sí i: ìtìjú mú un dúró lókèèrè, kò mú un jókòó sílé. Òun ni Jésù ní a dá láre. Bí a bá ń sunkún, à ń ríran.

Dáníẹ́lì pàápàá, tí àwọn ọ̀tá wá ẹ̀ṣẹ̀ sí lọ́rùn tí wọn ò rí, kò gbé ìwà rere rẹ̀ lọ síwájú Ọlọ́run. Àánú ńlá Ọlọ́run ló gbẹ́kẹ̀ lé.

2. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lójú òkun

Gbogbo wa mọ orin Amazing Grace. John Newton tó kọ ọ́ jẹ́ ọmọ ọdún 22 ní oṣù kẹta ọdún 1748, nígbà tí ọkọ̀ Greyhound ń gbé e lọ sílé láti etíkun Áfíríkà, níbi tó ti ń bá àwọn oníṣòwò ẹrú ṣiṣẹ́. Ìjì kọ lù wọ́n, omi ya wọ ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ àánú Olúwa ṣèèṣì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, ó bi ara rẹ̀ pé àánú wo ló lè kù fún irú òun, ẹni tó ti ń fi Ọlọ́run ṣẹ̀sín. Ìbéèrè tèmi gan-an nìyẹn! Síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, ọkọ̀ náà sì gúnlẹ̀ sí Ireland ní oṣù kẹrin.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká bo apá tó burú mọ́lẹ̀. Newton ṣì ń kó ẹrú títí di ọdún 1754. Ọdún 1788 ló tó kọ̀wé tako òwò náà, tó sì jẹ́wọ́ ipa tirẹ̀. Àánú tètè dé, àyípadà pẹ́, àwọn èèyàn ilẹ̀ Áfíríkà ló sì jìyà ìpẹ́ náà.

3. Àánú kì í ṣe ìbòjú

Òwe 28:13 so ìjẹ́wọ́ àti ìkọ̀sílẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ pọ̀ mọ́ rírí àánú. Mo bẹ Ọlọ́run lálẹ́ ọjọ́ náà, kí n tó ní kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún bàbá mi. Wọ́n bínú gidi. Wọ́n ní kí n máa san owó náà padà díẹ̀díẹ̀. Mo ṣì ń san án. Ṣùgbọ́n mo ti ń gbàdúrà.

Fún ìjíròrò: Kí ni ẹ ń dúró dè kí ẹ tó gbàdúrà? Ta ni ó yẹ kí ẹ lọ bá lẹ́yìn àdúrà náà?

Àdúrà: Olúwa, n kò yẹ, mo sì mọ̀ ọ́n. Ṣàánú mi, kí o sì fún mi ní ìgboyà láti tún ohun tí mo bà jẹ́ ṣe. Ní orúkọ Jésù. Àmín.