Ẹ Pe Aláìsàn Kí Ẹ Tó Kọ Ìwé

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń gbé ìwé ìwádìí ìlera ká Bassila àti Manigri, ẹ fetí sílẹ̀ díẹ̀. Púpọ̀ nínú yín kì í rántí aláìsàn àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti parí: ìwé ti pé, owó ti délẹ̀, ọ̀gá ní Cotonou ti dárúkọ iye ènìyàn tó fẹ́, ó wá ku ẹni tí yóò bá yín kó wọn wá. Iṣẹ́ ni ẹ rán irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ ò tíì fi ṣe alájọṣe. A kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Ìgbà tí ẹ ṣì ń ro ohun tí ẹ fẹ́ wádìí ló yẹ kí ẹ pè é. Ẹ wo egbò Buruli. Nígbà kan, abẹ́rẹ́ streptomycin wà nínú ìtọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Abẹ́rẹ́ 56 nìyẹn, ó sì lè ba etí jẹ́. Láàárín 2013 sí 2017, wọ́n ṣe ìwádìí ní Gánà àti ní Pobè lọ́dọ̀ wa níbí, pẹ̀lú ènìyàn tó lé ní 300, láti mọ̀ bóyá oògùn oníhóró, clarithromycin, lè rọ́pò abẹ́rẹ́ náà. Ó rọ́pò rẹ̀: nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí 95 ni egbò wọn jinná láàárín ọdún kan, ìbáà jẹ́ abẹ́rẹ́, ìbáà jẹ́ hóró. Ta ló fẹ́ ṣàlàyé àǹfààní irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ti gún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ? Ohun tó ń dun òun gan-an ni wọ́n ń bi.

Lẹ́yìn náà, ìwé ìyọ̀ǹda. Òfin 2010-40 ti sọ ọ́ di dandan ní orílẹ̀-èdè yìí, ṣùgbọ́n ènìyàn lè tẹ̀ka sórí ohun tí kò yé e. Ẹ ka ìwé náà sókè fún aláìsàn bíi mẹ́ta kí ẹ tó gbé e jáde, ní èdè Nàgó ní Manigri, ní Anii ní Bassila. Ẹ máa wo ojú wọn tí ẹ bá dé ibi ẹ̀jẹ̀. "Mílílítà 10", kí ni ìyẹn jẹ́ fún ìyá tó ń yan gàrí? Aláìsàn tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí á ní kí ẹ gbé ṣíbí tíì wá, kí ẹ bu omi pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí gbogbo ojú rí i pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun náà ni yóò sọ fún yín pé ẹ ò lè ní kí aláàwẹ̀ gbé oògùn mì lọ́sàn-án Ramadan, àti pé nígbà ìkórè kajú, ẹ ó kan ilẹ̀kùn títí, oko ni gbogbo ilé wà.

Ẹ má tijú ọ̀rọ̀ owó. Ẹni tó bá yín ṣiṣẹ́ fi oko tirẹ̀ sílẹ̀ ni, kí owó iṣẹ́ rẹ̀ àti owó zemidjan wà nínú ètò ìnáwó láti ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ẹ má san án lórí iye orí tó kó wá. Alárenà ni yóò dà, yóò sì máa ṣèlérí ohun tí ẹ ò ní.

Àṣírí ló le jù. Bí ìlú bá mọ̀ pé ẹnì kan ní kòkòrò HIV, ilé tó bá yà sí, wọ́n ti sọ onílé náà lórúkọ kó tó jókòó. Nítorí náà, bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń bá yín ṣiṣẹ́, kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Kó sọ ti ara rẹ̀ ní gbangba, bó bá wù ú, kó sì sọ ibi tí wọ́n ti lè rí i. Ẹni tó bá fẹ́ á wá a lọ.

Ẹ jẹ́ kó sọ èyí tó korò pẹ̀lú, ohun tó ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù nípa ìwádìí. Ní 1996, nígbà àjàkálẹ̀ yínrùnyínrùn ní Kano ní Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ oògùn Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé. Àwọn òbí ní àwọn ò mọ̀ pé ìdánwò ni. Ó di 2009 kí ilé iṣẹ́ náà àti ìjọba Kano tó fẹnu kò sí mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ìbẹ̀rù tó kù nílẹ̀ kò bá owó lọ.

Tí èsì ìwádìí yín bá sì jáde, ẹ wá sọ ọ́ ní Manigri kí ẹ tó lọ kà á ní Cotonou.