Oríṣi Ẹ̀fọ́rí Pọ̀: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Ekpè

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní Kútọnu, tí ẹ ń gun ọ̀kadà zem gba títì Sèmè nínú èéfín àti oòrùn, bí ẹ ṣe ń ra oògùn ẹ̀fọ́rí bí ẹni ń ra ẹ̀pà ń bà mí lẹ́rù.

1. Ẹ mọ ìrìn ẹ̀fọ́rí yín kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ. Ìbéèrè ni yóò fi bẹ̀rẹ̀: ibo ló ń dùn yín? Ó pẹ́ tó wákàtí mélòó? Ṣé ó ń fún orí ni, àbí ó ń lù kì-kì-kì? Ṣé èébì ń gbé yín? Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ sínú ìwé fún oṣù kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìwé yẹn wúlò fún un ju àwòrán orí olówó ńlá lọ.

2. Èyí tó wọ́pọ̀ jù láyé ni ẹ̀fọ́rí àárẹ̀ àti ìrònú. Ó máa ń fún orí lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n èèyàn ṣì lè máa bá iṣẹ́ lọ. Túúlu yàtọ̀ sí i. Ẹ̀gbẹ́ kan ló sábà máa ń mú, èébì a máa gbé èèyàn, ìmọ́lẹ̀ àti ariwo a máa ni í lára, ó sì lè gba wákàtí 4 títí dé 72. Ẹ má pe ẹni tí túúlu dá dùbúlẹ̀ ní ọ̀lẹ. Ìwádìí tí àwọn dókítà Adoukonou, Houinato àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ jáde ní 2009 rí i pé nǹkan bí 11 nínú 100 akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Kútọnu ló ti ní in rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun ti Ìbàdàn náà ti lọ láti ilé dé ilé ní Ìgbó-Ọrà, ó sì bá a níbẹ̀. Àìsàn gidi ni, ó sì ní ìtọ́jú.

3. Ẹ fiyè sí èyí jù: oògùn ẹ̀fọ́rí fúnra rẹ̀ a máa di ẹ̀fọ́rí. Ẹni tó ń lo parasitamọ́ọ̀lù ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, fún ohun tó lé ní oṣù mẹ́ta, lè kó sínú rẹ̀. Fún oògùn alápòpọ̀ àti tramadol, ọjọ́ 10 lóṣù ti tó. Orí á máa fọ́ ẹni náà láàárọ̀, á gbé oògùn mì, orí á dákẹ́, ẹ̀fọ́rí á tún padà wá. Ó máa ń dùn mí, nítorí ẹni náà rò pé ara òun lòun ń tọ́jú. Ẹ sì rántí Adjégounlè ní ọjà Dantokpa: ní 2017 ni àwọn agbófinró ya wọbẹ̀ nítorí ayédèrú oògùn. Ilé ìtajà oògùn tó ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ máa lọ.

4. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ìmọ́lẹ̀ máa ń kọ mànàmànà lójú yín kí túúlu tó dé, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó fún yín ní oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Èyí tó ní estrogen lè fi kún ewu rọpárọsẹ̀ fún yín.

5. Ẹ̀fọ́rí tó dé lójijì, tó le dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú kan. Èyí tó bá ibà àti ọrùn líle rìn, tó lè jẹ́ yírùnyírùn. Èyí tó mú apá kan rọ. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí èèyàn fi orí gbá ilẹ̀ lórí zem. Èyí tó ń ṣe aláboyún tí ojú rẹ̀ ń ṣú. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dé, ẹ má dúró di àárọ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn CNHU wà ní Kútọnu, ilé ìwòsàn CHUD wà ní Àjàṣẹ́, àárín méjèèjì ni Ekpè wà.

6. Ẹ má fi orí tí kò fọ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀pọ̀ tó ní in kì í ní ẹ̀fọ́rí rárá.

7. Tí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ kó gbogbo páálí oògùn tí ẹ ti lò dání, títí kan ti ẹ̀bá ọ̀nà, kí ẹ sì dárúkọ àgbo tí ẹ ń mu. Ẹ má tijú. Kí dókítà tó fi tirẹ̀ kún un, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ti wà nínú ara yín.